Òjò Àkọ́rọ̀ Ló Ń Tú Àṣírí Ológbò

Ní Sabon Gari ní Kánò, òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń tú àṣírí ológbò. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé ní oṣù kọkànlá títí di ìgbà tí oòrùn oṣù kẹrin bá ń jó páànù lórí ilé, ẹranko lè tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì kí onílé má mọ̀ rárá. Ìtọ̀ yẹn á gbẹ wéréwéré, eruku á bò ó mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ò sì ní jẹ́ kí òórùn rẹ̀ gbérí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, tí ara ògiri ń rin, gbogbo ohun tó ti sùn sínú rọ́ọ̀gì, àga àti ilẹ̀ á jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni ẹ ó máa gbọ́ ariwo láti yàrá kan sí èkejì pé ológbò ti tún tọ̀ sílé o. Wọ́n á na ẹranko tí kò ṣe nǹkan kan lọ́sẹ̀ náà. Ìtọ̀ oṣù kejì ni wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Ọjọ́ kejì irú òjò bẹ́ẹ̀ ni mo tẹ̀lé obìnrin kan wọ ilé kan nítòsí Yoruba Road. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fọ àga, rọ́ọ̀gì àti bẹ́ẹ̀dì láti ilé dé ilé, ẹni tí ẹranko bá sì ti ba ilé rẹ̀ jẹ́ ló ń pè é jù. Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Irú ilé tó pọ̀ ládùúgbò náà ni: géètì onírin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí àwọn yàrá kọjú síra lọ́tùn-ún lósì, àgbàlá kékeré lẹ́yìn níbi tí ilé ìdáná wà àti ẹ̀rọ omi tí kì í sábà yọ. Rélùwéè ló kó àwọn baba irú àwọn onílé báwọ̀nyí wá. Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911. Láàárín 1911 sí 1913 ni ìjọba àwọn òyìnbó ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀, lẹ́yìn odi ìlú, fún àwọn tó ń bá ọkọ̀ náà bọ̀ láti gúúsù. Ó ṣì hàn lára àwọn títì rẹ̀ tí wọ́n là gbọọrọ, tí wọ́n sì fi àwọn èrò náà sọ lórúkọ: Yoruba Road, Ibo Road. Ilé sún mọ́ ilé, ògiri kan ló wà láàárín ayálégbé méjì. Òórùn kan kì í jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà,” ni Àǹtí wí, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Dìde. Ẹ wọlé, kí ẹ wá wo ohun tí àwọn ológbò yìí fojú mi rí.”

Ogbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí Màmá, onílé náà, ti wá. Òun fúnra rẹ̀, Sabon Gari ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀wà ló ń tà. Láti Dawanau, ọjà ọkà ńlá Kánò, ló ti ń rà á wá, yàrá tó kángun sí àgbàlá ló sì ń kó àwọn àpò náà sí. Ibi tí àpò ẹ̀wà bá wà, èkúté kò ní jìnnà. Bí ológbò bá sì kúrò nílé, ilé ti di ti èkúté nìyẹn. Ìdí tó fi ní ológbò méjì rèé, akọ kan, abo kan, pẹ̀lú ajá kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé àti ọmọ rẹ̀ kékeré kan. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún Màmá pé kí ó lé wọn dànù. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Kí Àǹtí tó gbé ohunkóhun kúrò nílẹ̀, ó ní kí wọ́n pa fèrèsé pálọ̀ dé, kí wọ́n fa kọ́tìnì. Ó wá mú iná kékeré kan jáde nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, aláwọ̀ àlùkò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ní Wapa fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni.

“Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi iná owó ṣe?”

“Òun ló ń fi ìtọ̀ hàn mí, Bọ̀dá. Ẹ sún mọ́ ibí.”

Rọ́ọ̀gì tí mo ti rí pé ó mọ́ tónítóní lójú ọ̀sán yọ àbàwọ́n. Ọ̀kan ràgàjì níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ìyeyè àti ewé. Òmíràn wà lábẹ́ tábìlì àárín, níbi tí ọwọ́ ìgbálẹ̀ kì í dé. Àwọn èròjà kan nínú ìtọ̀ ló máa ń tàn bí irú iná yẹn bá bà wọ́n. Àmọ́ iná náà ò tó láti dá ẹjọ́. Ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá ń tàn lábẹ́ rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ kí aṣọ funfun lè mọ́lẹ̀ sí i. Àwọ̀ búlúù ni tirẹ̀ máa ń mú wá. Nítorí náà, ibi gbogbo tó bá tàn, Àǹtí á dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, á gbé imú lé rọ́ọ̀gì, á fà á símú, lẹ́yìn náà ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrí yí i ká. Ó fo ibì kan tó ń tàn gan-an. Ọṣẹ ni, ó ní, ẹnì kan ti da omi ìfọṣọ síbẹ̀ rí.

Lára ẹ̀gbẹ́ àga gígùn ni ohun tó wù mí jù lọ láti rí wà. Níwọ̀n ibi tí ìrù ológbò ń ga dé, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ṣàn láti òkè wá sílẹ̀. Kò sí àbàwọ́n kan lórí ibi tí ènìyàn ń jókòó sí.

“Ẹ wò ó,” ni ó wí. “Èyí tó wà lórí rọ́ọ̀gì, ẹranko tó lóṣòó ló ṣe é, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára àga yìí, akọ ló nàró, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó fọ́n ọn. Àmì ló ń fi sí ilẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fọ̀ ọ́ lónìí tí a ò sì wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ akọ yẹn, á padà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí.”

Màmá kò káwọ́ gbera kí a tó dé. Kánfọ̀ wà lábẹ́ kúṣìn gbogbo. Ìkòkò tí wọ́n fi ń sun turaren wuta, tùràrí àwọn Hausa, wà ní kọ̀rọ̀, èéfín rẹ̀ ò sì tíì tán nínú kọ́tìnì. Wọ́n ti fi Izal nu ilẹ̀ láti géètì dé àgbàlá. Ohun tí mo rí nínú ọ̀pọ̀ ilé nìyí, ó sì ń dùn mí, nítorí owó gidi ni àwọn ènìyàn ń ná sórí rẹ̀, òórùn ìtọ̀ ò sì lọ. Tùràrí á ta sánsán fún wákàtí díẹ̀, ìtọ̀ á dúró síbi tó wà, kí ilẹ̀ tó mọ́ òórùn méjèèjì á ti pò pọ̀, èyí tó bá sì tibẹ̀ jáde kò ṣeé fi imú gbà.

Èyí tó burú jù ni ti Izal. Àwọn oògùn apakòkòrò tó ní fínọ́ọ̀lù nínú, irú èyí tó máa ń funfun bí a bá bu omi lù ú, oró ni fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ tiwa fi ń tú irú oró bẹ́ẹ̀ ká. Ológbò á rìn kọjá lórí ilẹ̀ tútù náà, á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbé e mì. Kánfọ̀ náà ò dáa fún wọn. Màmá gbọ́ èyí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kan pé kó ṣa gbogbo kánfọ̀ náà jáde.

“Bílíìṣì ńkọ́?” ni Màmá bèèrè. “Ṣé òun ò lè pa á?”

Àǹtí mi orí. Bí ìtọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á ti sọ yúríà inú rẹ̀ di amóníà. Bí a bá wá da Hypo tàbí Jik lé e lórí nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ò tóbi, afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ ń ta ojú, ó ń gún ènìyàn láyà, ó sì lè dá ẹni tó ní ikọ́ fée dùbúlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má tún lo omi ìnu-gíláàsì tó ní amóníà nínú, torí lójú ẹranko, òórùn ìtọ̀ ni ìyẹn ń rùn. Á rò pé ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí ni.

Orí rọ́ọ̀gì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, láti ibi èyí tó tutù jù. Ọmọ ajá yẹn ti sá wọlé nítorí òjò lóru, ó sì ti tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ọmọ ọmọ Màmá ti fẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì lé e. Àǹtí gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká aṣọ ìnura funfun kan sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ lé ibẹ̀, ó sì gun orí rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó dúró. Nígbà tó kúrò, aṣọ náà ti pọ́n rúsúrúsú lábẹ́. Ó yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ tó gbẹ, ó tún gun un, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí aṣọ ò fi mú nǹkan mọ́. Bí o bá fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ó ní, o ti fẹ̀ ẹ́, o sì ti rì í wọlẹ̀. Omi tútù ló wá bù wọ́n ọn, ìwọ̀nba, ó sì tún fi aṣọ fà á. Omi gbígbóná kò wọ inú ọ̀rọ̀ náà rárá, nítorí ó máa ń mú kí purotéènì inú ìtọ̀ lẹ̀ mọ́ òwú rọ́ọ̀gì pinpin.

Ní ti omi, ẹni tí kò bá mọ Kánò lè rò pé kí wọ́n kàn da omi púpọ̀ sí i ni ó rọrùn. Ẹ̀rọ ò yọ. Ẹnu géètì ni Màmá ti pariwo, “Yaro, kawo ruwa!” tí mèrúwà kan, ẹni tó ń ta omi kiri, fi ti kẹ̀kẹ́ kúrá rẹ̀ wọlé, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tò lórí rẹ̀ gbágbágbá. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan owó ni. Àǹtí ti kọ́ láti fi omi díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀: ike ìfínmi tí àwọn onídìrí ń lò ló fi ń fín in, ó ń fa omi náà jáde pẹ̀lú aṣọ kí ó tó fín òmíràn. Ó ní ìdí mìíràn tó fi dára bẹ́ẹ̀. Omi tí a dà tí a ò lè fà jáde á kàn gbé ìtọ̀ lọ sísàlẹ̀ ni, sínú fóòmù pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rọ́ọ̀gì, ibi tí ọwọ́ ò ti ní tó o mọ́.

Èyí tó ti pẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n gba sùúrù jù. Ó kọ́kọ́ fín omi sí i kí ó lè rọ̀, ó fà á, ó wá po fínígà àti omi ní ọgbọọgba, ó fín in débi tó rò pé ìtọ̀ náà dé, kì í ṣe ibi tí ojú rí nìkan. Fínígà máa ń bá amóníà jà, ó sì ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Òórùn fínígà fúnra rẹ̀ á lọ bí ó bá ti gbẹ. Lẹ́yìn tó fa ìyẹn jáde tán, ó po ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tí wọ́n kọ enzyme sára ọ̀rá rẹ̀ mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kí n ka ọ̀rá náà, kí n rí i fúnra mi, nítorí kì í ṣe gbogbo ọṣẹ ló ní in. Ohun tí enzyme ń ṣe ni pé ó ń gé àwọn èròjà inú ẹ̀gbin sí wẹ́wẹ́. Àkókò ló ń bèèrè, omi gbígbóná sì ń bà á jẹ́. Ó dà á síbẹ̀, ó fi ọ̀rá tẹ́ lé e kó má bàa gbẹ, ó kó bíríkì lé etí ọ̀rá náà, ó sì fi í sílẹ̀ títí a fi parí gbogbo ilé.

Kí nìdí tí ti ológbò fi ń le ju ti ajá lọ? Ní 2006, onímọ̀ ará Japan kan, Masao Miyazaki, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Nínú kídìnrín ológbò ni purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní cauxin. Òun ló ń mú èròjà tó ń jẹ́ felinine jáde sínú ìtọ̀. Felinine fúnra rẹ̀ kò rùn tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ti wà nílẹ̀ ló ń tú díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì ń tú di ní sọ́fọ̀ nínú, ìyẹn imí ọjọ́, tó máa ń gún imú. Akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá ló ń mú un jáde jù. Èyí ló jẹ́ kí ìtọ̀ ológbò máa rùn sí i bó bá ṣe ń pẹ́ sí i, ó sì bá ohun tí ojú wa ń rí ní Sabon Gari mu: ọyẹ́ ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, òjò ń gbé e jáde.

Àga gígùn ni ó kàn. Àǹtí fa síìpù kúṣìn, ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì fi fóòmù hàn mí: ohun tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan lára aṣọ ti tó àwo ìjẹun kan nínú fóòmù. Ẹni tó bá fọ aṣọ nìkan, ó ní, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló fọ̀. Ó ri fóòmù náà sínú bàsíà omi ọlọ́ṣẹ kan náà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó ń jẹ́ kó fa omi mu, ó tún ń tẹ̀ ẹ́ jáde, títí omi inú bàsíà fi di aláwọ̀ tíì. Orí páànù ilé ìdáná ni wọ́n gbé e sá sí. Nígbà ọyẹ́, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Inú yàrá lábẹ́ fáànù ló ti ń gbẹ ẹ́, nítorí eruku tó bá bà lé fóòmù tútù di ẹrẹ̀.

Tìmùtìmù awọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, pupa, tí wọ́n fi awọ dúdú àti funfun gé òdòdó sí lára. Akọ náà ti fọ́n sí i. Mo rò pé Àǹtí á gbé fínígà. Kò gbé e. Irú awọ yìí, awọ ewúrẹ́ tí àwọn aláwọ Kánò fi èso bàgàrúwà ṣe, ni wọ́n kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn òyìnbó wá ń pè é ní awọ Mòrókò nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Ní Kofar Wambai, wọ́n ṣì ń ta iṣẹ́ awọ títí dòní. Ohun tó wà nínú bàgàrúwà yẹn kì í fẹ́ omi púpọ̀, kì í fẹ́ káún tàbí sódà, bí omi tó ti kan irin dípẹtà bá sì kàn án, ibẹ̀ á dúdú títí láé. Aṣọ tó rin díẹ̀ péré ni Àǹtí fi nu awọ náà, lọ́nà kan ṣoṣo, láti òkè wá sílẹ̀. Ó wá tú okùn ìdí rẹ̀. Àkísà ni wọ́n kì sínú rẹ̀, wọ́n sì ti mu ìtọ̀ bí àkàrà ṣe ń mu epo. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó fi awọ òfìfo náà kọ́ sábẹ́ ìbòòji, ó sì ní bó bá gbẹ tán kí wọ́n fi òrí díẹ̀ pa á lára kó má bàa le. Láti inú ni òórùn náà ti ń bọ̀ látọjọ́ yìí, Màmá sì ti ń fi lọ́fínńdà pa ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní rọ́ọ̀gì. Síménti pupa àtijọ́ ni, tí wọ́n ti fi pọ́líìṣì ra títí ó fi ń dán, ṣùgbọ́n ó ti sán níbi púpọ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí ajá ń sùn sí, ni ó burú jù. Ìtọ̀ tó ń bọ́ síbì kan náà lójoojúmọ́ ti jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn onírin náà dípẹtà. Àwọn ènìyàn rò pé síménti kì í mu nǹkan. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Níbí ni búrọ́ọ̀ṣì ti wúlò: ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ gbọnyingbọnyin, ó gbá omi náà sínú kọ́tà, ó fín fínígà tó ti là dáadáa sí i, kò sì jẹ́ kó pẹ́ kí ó tó fi omi ṣàn án, torí fínígà ń jẹ síménti àti tẹ̀rásò. Bí òórùn bá ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí Màmá jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ dáadáa kí wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀ dí i. Èyí ni ibì kan ṣoṣo tí bíbo nǹkan mọ́lẹ̀ ti ní láárí, lẹ́yìn fífọ̀, kì í ṣe dípò rẹ̀.

Ayálégbé kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin jáde sí wa, ó gbé ẹní ìkírun kan lọ́wọ́. Ológbò ti tọ̀ sí i, kò sì fẹ́ jù ú nù.

“Ẹ bá mi wò ó, Àǹtí. Omi ni mo ti ń fi fọ̀ ọ́.”

“Omi náà ló tọ́ kí ó kọ́kọ́ kàn án, Ààfáà.”

Ààfáà ṣàlàyé fún mi pé ní ìlànà Màlíkì tí wọ́n ń tẹ̀ lé níhìn-ín, ológbò fúnra rẹ̀ kì í ṣe nàjísì, ohun àìmọ́. Ènìyàn lè ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi tó ti lá nínú rẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ ni nàjísì. Kí àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn rẹ̀ kúrò lára aṣọ ni wọ́n ń wá. Mo fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe pàdé: ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ Àǹtí ń bèèrè pẹ̀lú, pé kí ẹ̀gbin náà lọ, kí ó má kàn fara pa mọ́. Àǹtí bá a rẹ ẹní náà sínú omi ọlọ́ṣẹ enzyme, ó ní kí ó ṣàn án léraléra títí ojú omi yóò fi mọ́, kí ó sá a sí oòrùn.

Nínú yàrá kan lápá òsì, bẹ́ẹ̀dì ni. Aláboyún ni ìyàwó ilé náà, òórùn sì ti ń lé e jáde lóru. Àwọ̀ fóòmù bẹ́ẹ̀dì náà funfun, Àǹtí sì lè lo hydrogen peroxide tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún ọgbẹ́, oní 3%. Àpòpọ̀ kan wà tí onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà kan, Paul Krebaum, gbé jáde ní 1993 fún ajá tí ẹranko kan tó ń jẹ́ skunk bá fọ́n omi rírùn lù: nǹkan bí lítà kan peroxide náà, ìdámẹ́rin ife bákín-sódà, ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi. Ohun tó ní imí ọjọ́ nínú ló ń mú omi skunk rùn, irú rẹ̀ náà ló wà nínú ìtọ̀ ológbò, peroxide sì ń yí i padà sí ohun tí kò rùn mọ́. Àǹtí kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí igun abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti mọ̀ bóyá á ṣí i láwọ̀. Kò fi ìyókù sínú ike kó dé e. Afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú rẹ̀ lè bẹ́ ike. Ó sì kìlọ̀ pé bákín-sódà ni, kì í ṣe bákín-pọ́dà, nítorí àwọn ọlọ́jà máa ń gbé ọ̀kan fún ènìyàn dípò èkejì.

Ó yíjú sí ọkọ obìnrin náà. “Bọ̀dá, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kó ìgbẹ́ ológbò, kì í ṣe ìyàwó yín. Ojoojúmọ́ sì ni, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀túnla.” Kòkòrò kan tó ń jẹ́ toxoplasma lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Ó tó ọjọ́ kan sí márùn-ún lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà bá jáde kí kòkòrò náà tó lè ranni. Ẹni tó bá ń kó o lójoojúmọ́ ti ṣíwájú rẹ̀.

Nígbà tí a padà sí pálọ̀, Àǹtí bèèrè ibi tí àwọn ológbò ń yàgbẹ́ sí. Màmá fi àwo ike kan hàn án ní àgbàlá, iyanrìn rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ nítorí òjò. Ìdí tí abo náà fi ń wọlé wá lóṣòó sórí rọ́ọ̀gì nìyẹn. Kò sí ológbò tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gún ẹrẹ̀. Wọ́n gbé àwo náà sábẹ́ òrùlé, wọ́n fi èkejì kún un kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, Àǹtí sì ní èèpo ìrẹsì láti Kura, tí kò wọ́n, máa ń mu omi ju iyanrìn lọ. Ní ti akọ, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Nínú akọ mẹ́wàá tí wọ́n bá tẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ló máa ń jáwọ́ nínú ìtọ̀ fífọ́n tàbí kí ó dín in kù gidigidi. Bí akọ kan bá sì ń fún ara rẹ̀ tí ìtọ̀ ò jáde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé fífọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ, nítorí ó lè pa á.

“Mo rò pé ìwà ìkà ni kí a tẹ ẹran lọ́dàá,” ni Màmá wí.

“Lílù tí ẹ ń lù ú lójoojúmọ́ ńkọ́, Màmá?”

Màmá ò dáhùn, ṣùgbọ́n ó bèèrè iye tí wọ́n ń gbà.

Ó ku rọ́ọ̀gì. Àǹtí ṣí ọ̀rá kúrò lórí rẹ̀, ó fa omi ọṣẹ jáde pẹ̀lú aṣọ, ó fi omi lásán ṣàn án, ó fà á. Ó fi imú wò ó. Lójú rọ́ọ̀gì, òórùn náà ti lọ. Ó wá gbé etí rọ́ọ̀gì sókè. Fóòmù pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n láti ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n dé abẹ́ tábìlì, ibi tó ju òbìrí ṣọ́ọ̀kì lọ fíìfíì, ó sì ń wó lulẹ̀ lọ́wọ́. Màmá ní kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ nìkan. Àǹtí fi iná àlùkò hàn án pé kò sí ibi tí kò bàjẹ́ láàárín yàrá. Wọ́n ká gbogbo fóòmù náà, wọ́n gbé e fún akólẹ̀ lẹ́nu géètì. Àǹtí fọ síménti tó wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe fọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí fèrèsé méjèèjì, ó sì ní kí wọ́n má tẹ́ rọ́ọ̀gì náà padà kí ilẹ̀ tó gbẹ dénú: ọjọ́ mẹ́ta bí òjò ò bá rọ̀, bó bá rọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kíkà látìbẹ̀rẹ̀.